Ìwé Ìgbẹ̀bí Tó Kúrò Nínú Àpótí Keje

                                        Ilé Kọkànlá,
                                        Òpópó Ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì,
                                        Aradagun,
                                        Àgbádárìgì.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1985.

Sewanu, ọ̀rẹ́ tó di ọmọ ìyá,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n sọ ọ́, kí n má baà tún gbé e mì bí mo ti ń gbé e mì láti ọdún kan ó lé. Ìwé ìgbẹ̀bí eléèpo ẹ̀yìn aláwọ̀ ewé tí mo fún ọ níjọ́sí, tí mo ní ilé-ìkàwé wa yọ dànù nítorí pé ó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, irọ́ ni mo pa fún ọ. Ẹnikẹ́ni kò yọ ọ́ dànù. Mo jí i ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tú èdìdì àpótí, mo mú un, mo sì tún èdìdì náà lẹ̀ padà.

Ó dáa. Mo ti sọ ọ́. Ẹ wá kú ilé o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ẹsẹ̀ rẹ tó máa ń dùn ọ́ nígbà òjò ńkọ́, ṣé ó ti gbà pé òjò ti lọ? Bàbá ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹun kánú, àbí ẹja yíyan nìkan ni wọ́n ṣì ń bèèrè? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn aboyún rẹ ní Gberefu ńkọ́, tí o máa ń sọ pé wọn kì í rọbí àfi kí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bu oúnjẹ? Mo kí gbogbo yín. Níbí, Bàbá Démọ́lá wà, wọ́n ní kí n kí ọ, wọn ò sì mọ ohun tí mo ń kọ. Démọ́lá ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ijanikin. Ó wá sílé ní Sátidé àná pẹ̀lú aṣọ ìdọ̀tí àpò kan, bí ẹni pé alágbàfọ̀ lòun wá bẹ̀ wò. Ara èmi náà le, àfi oorun tó ti kọ̀ mí sílẹ̀, àti inú tó ń bí mi. Inú ń bí mi, Sewanu. Bí mi ò bá tò ó lẹ́sẹẹsẹ, ariwo lásán ni màá máa pa lórí bébà yìí, nítorí náà jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

O mọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ilé-ìkàwé ìṣègùn ti yunifásítì tí wọ́n kọ́ sí etí ọ̀sà nígbà tí owó epo ṣì ń ṣàn. O mọ̀ pé ìwé girama nìkan ni mo kà, mi ò lọ síwájú. Iṣẹ́ mi kò ju kí n tẹ̀wé lórí tápùráítà, kí n yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé, kí n sì gbà á padà. Láàárín àwọn tí oyè wọn gùn ju orúkọ wọn lọ ni mo jókòó sí. Ilé-ìkàwé la ń pè é, ṣùgbọ́n títí di ọdún 1983, ìwé ibẹ̀ kò kún pẹpẹ mẹ́ta, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì dàgbà ju àwọn tó ń kà á lọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ọkọ̀ ńlá méjì já àpótí pákó méjìlá sílẹ̀ níwájú wa. Ìwé tuntun 412. Ìwé ìròyìn àwọn dókítà láti òkè òkun. Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan, ẹ̀rọ amúlétutù méjì, àti ẹ̀rọ kan tí wọ́n ní ènìyàn yóò ki fíìmù tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ bọ̀ nínú, tí ọgọ́rùn-ún ojú ewé yóò sì máa hàn lára rẹ̀ bí tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni mo tẹ àkọsílẹ̀ gbogbo wọn. Èmi ni mo tẹ káàdì ìwé kọ̀ọ̀kan, tí mo fi í sínú àpò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí àṣà wa ni pé ìwé kì í jáde láìfi káàdì rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì mi. Káàdì ni ẹlẹ́rìí. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni inú mi ń dùn, bí ẹni tí wọ́n ń ka orúkọ àwọn ọmọ tí yóò bí sí létí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti tò sẹ́nu ọ̀nà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọ̀gá Oyèníran, tí í ṣe olórí ilé-ìkàwé, jáde sí wọn, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ó ní a kì í fọwọ́ kan ẹrù tuntun kí àlejò pàtàkì tó gé rìbọ́ọ̀nù. Kọmíṣọ́nnà kan ló ń bọ̀ wá ṣí i ní oṣù kìíní ọdún 1984. Wọ́n tilẹ̀ ti gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára òkúta mábù, wọ́n ti mọ ọ́n mọ́ ògiri, wọ́n fi aṣọ bò ó. Wọ́n kó ohun gbogbo padà sínú àpótí, wọ́n kó àpótí sí yàrá ẹ̀yìn, wọ́n fi bébà èdìdì lẹ ìdérí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

O rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983. Àwọn sójà gbàjọba. Kọmíṣọ́nnà wa bá ara rẹ̀ ní àtìmọ́lé. Ṣé o rò pé Ọ̀gá wá sọ pé ó dáa, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa kàwé? Wọ́n wó òkúta mábù, wọ́n kọ̀wé sí sójà. Ó lé ní ọdún kan kí sójà tó dáhùn pé òun máa wá ní oṣù kẹsàn-án ọdún yìí. Wọ́n gbẹ́ òkúta kejì. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, sójà lé sójà lọ. Wọ́n wó ìyẹn náà, wọ́n gbẹ́ ẹ̀kẹta. Mo sọ fún Bàbá Démọ́lá pé bí wọ́n bá kó àwọn òkúta yẹn jọ, ó tó kọ́ ibojì.

Ní gbogbo àkókò yìí, iṣẹ́ kan wà tí Ọ̀gá yàn fún mi. Ní ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí n mú kọ́kọ́rọ́, kí n wọ yàrá ẹ̀yìn, kí n wo èdìdì àpótí méjèèjìlá, kí n sì kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò pé: “Àwọn àpótí wà ní pípé.” Kí n fọwọ́ sí i. Èdìdì ni wọ́n ní kí n wò o, wọn ò ní kí n wo ìwé. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń kọ pípé, pípé, pípé, bí ọmọ tó há kátíkísìmù sórí tí kò mọ ohun tó ń sọ.

Ìgbà náà lo wá. Oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni. Nùrúdíìnì ọlọ́kọ̀ ojú omi gbé ọ rékọjá, etí ìró rẹ ṣì tutù. O dúró níwájú tábìlì mi, o ní ìwé ìgbẹ̀bí tí o gbé kúrò nílé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí ti já jálajàla, pé ojú ewé tó sọ nípa ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ ti bá omi lọ, pé orí lo fi ń rántí ohun tó yẹ kí o máa fojú kà. O ní, “Ìbí, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ìwé bí ẹran ọ̀sìn, ẹ ò lè yá wa ní ẹyọ kan?” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò sí. Bí mo ṣe ń sọ pé kò sí, mo ń rí ìlà tí ọwọ́ mi tẹ̀: àpótí keje, ìwé ìgbẹ̀bí, ẹ̀dà kan. O ní kò burú, o ra gààrí, o padà sílé. Mi ò rí oúnjẹ jẹ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó di Jímọ̀, mo gbé kẹ́tùrù omi gbígbóná tí mo fi ń po tíì wọ yàrá ẹ̀yìn. Ooru rẹ̀ ni mo fi tú èdìdì àpótí keje, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bó ẹyin. Mo mú ìwé náà. Mo yọ káàdì rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbé e sórí tábìlì gẹ́gẹ́ bí àṣà, inú ìwé orin mi ni mo ki í sí. Mo dé àpótí, mo lẹ èdìdì, mo lọ kọ ọ́ pé àwọn àpótí wà ní pípé. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo fún ọ ní ìwé náà ní èbúté, mo pa irọ́ mi, o sì gbàdúrà fún mi. Àdúrà yẹn gan-an ló kọ́kọ́ jẹ mí níyà.

O wá kọ̀wé sí mi ní oṣù kẹfà. Mi ò lè gbàgbé lẹ́tà náà. O ní ìjì ń jà lọ́sàn-án gangan, ọkọ̀ kankan kò lè rékọjá, Hùmúàní bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ kò dá. O ní o ní kí ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ìwé náà dúró síwájú rẹ nítorí ọwọ́ rẹ méjèèjì dí, ìyá sì dorí ìwé kodò, o ń pariwo, “Mama, ẹ yí i, ẹ yí i!”, ìyá ń yí ara wọn po dípò ìwé. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n Hùmúàní yè. Ìwọ sì fi àgbọn àti ẹja yíyan ránṣẹ́ sí mi nínú apẹ̀rẹ̀. Egungun ẹja yẹn há mi lọ́fun, mo ní ó tán, ìdájọ́ ti dé.

Ní báyìí, gbọ́ ohun tó ń bí mi nínú.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọ̀gá sójà tuntun dé, wọ́n ṣílẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn láti to ìwé sórí pẹpẹ. Sewanu, ikán ti jẹ ẹ́. Láti abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti gba ìdí àpótí wọlé, wọn ò fọwọ́ kan èdìdì kankan. Gbogbo èdìdì ló wà ní pípé! O máa mú ìwé, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa dán, orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀ ní wúrà, bí o bá ṣí i, iyẹ̀pẹ̀. Eku bímọ mẹ́rin sínú ẹ̀rọ tó dà bí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ti gé wáyà rẹ̀ fi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún wọn. Iyọ̀ òkun ti mú kí fọ́tòkọ́pì pọ́n bí ìbọn àtijọ́. Nínú ìwé 412, àwọn tó ṣe é kà kò ju 58 lọ.

Mo rò pé Ọ̀gá Oyèníran máa káwọ́ lérí ni. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní kí a to gbogbo rẹ̀ sórí pẹpẹ bí ó ti wà, kí ẹ̀yìn wọn kọjú síta. Ó ní àlejò kì í kàwé níbi ayẹyẹ, ó kàn ń wò ó ni. Ó wá yíjú sí mi pé kí n wá òróró àgbọn, kí n fi pa ẹ̀yìn wọn kí wọ́n lè máa dán sí i. Mo sì pa á! Ọjọ́ méjì ni mo fi ń pa òkú ìwé ní òróró bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tuntun. Mo ń rò ó lọ́kàn mi pé, ta ni èmi oníwèé girama láti bá ọ̀mọ̀wé jiyàn?

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ni ayẹyẹ náà. Ọ̀gá sójà dé, ó gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti yan akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí ń jẹ́ Abímbọ́lá pé kó mú ìwé kan sílẹ̀, kó ṣí i fún àlejò wò. Wọ́n ti fi ìwé tó máa mú hàn án láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí wà lára àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà lọ́dún 1983. Ó rí ìwé ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dúró dè láti ọdún méjì, ó gbàgbé ìkìlọ̀, ó na ọwọ́ sí i. Ìwé náà dà wálẹ̀. Kò já o, ó dà ni, bí ògiri alámọ̀ tí òjò bá. Iyẹ̀pẹ̀ àti ikán kún orí bàtà ọ̀gá sójà. Ọkùnrin náà wo bàtà rẹ̀, ó wo pẹpẹ, ó ní, “Ṣé ilé-ìkàwé lẹ pè mí wá ṣí, àbí ilé ikán?” Àwọn akọrin tó wà lóde ò mọ ohun tó ń lọ, wọ́n rò pé ó ti tó àsìkò tiwọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìdúpẹ́.

Ó pàṣẹ kí wọ́n ka iye gbogbo ìwé, kí wọ́n sì kọ ìròyìn sí òun nípa ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá Oyèníran jókòó, ó kọ ọ́. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ìwé tó wà, 58. Ìwé tí kòkòrò jẹ, 353. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi, ó ní ìṣẹ̀lẹ̀ àdáyébá ni. Ìwé tí a kò rí egungun rẹ̀ rárá, ọ̀kan. Olè ló gbé e. Ṣé o rí ayé? Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ 353 títí wọ́n fi di iyẹ̀pẹ̀ kò jẹ̀bi, ẹni tó gbé ẹyọ kan là ń wá. Bí ìwé ọwọ́ rẹ bá wà nínú àpótí keje títí di òní, ikán ì bá ti jẹ ẹ́, kò sì sí ẹni tí ì bá bèèrè rẹ̀. Nítorí pé ó yè ló ṣe di ọ̀ràn!

Dosi ni wọ́n wá mú. O mọ̀ ọ́n, ọmọ Ègùn bíi tìrẹ, opó tó ń gbálẹ̀ níbi iṣẹ́ wa, òun náà ló ń fọ aṣọ tábìlì oúnjẹ mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Èmi ni mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kẹta pé kó gbá ìgbẹ́ aláǹgbá kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kọ́kọ́rọ́ bó ti yẹ. Orúkọ ẹlòmíràn kò sí níbẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi, kò sì sí ẹni tó rò pé èmi ni. Ìyá Démọ́lá, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá! Wọ́n pè é sí ọ́fíìsì, àwa òṣìṣẹ́ mẹ́fà wà níbẹ̀. Ọ̀gá ní ta ló ta ìwé náà fún.

Dosi ní, “Ọ̀gá, kí ni mo fẹ́ fi ìwé òyìnbó ṣe? Èmi tí mo rí lẹ́tà A tí mo pè é ní àkàbà?”

Ọ̀gá ní àwọn aláàkàrà máa ń ra bébà.

“Bébà dídán yẹn kẹ̀? Kì í fa òróró o. Ẹni bá fi pọ́n àkàrà, ọwọ́ oníbàárà ni gbogbo òróró máa gbà jáde. Ẹ bi ìyàwó yín léèrè nílé bí mo bá purọ́.”

Ẹnì kan pòṣé, ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ọ̀gá ní ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Dosi yíjú sí mi, ó ní, “Ìyá Démọ́lá, ẹ bá mi sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Mo ha pẹ́ níbẹ̀ bí?” Sewanu, mo wo tápùráítà mi. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀.” Ohun tó jáde lẹ́nu mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dosi mú ojú kúrò lára mi. Ó wá sọ pé, “Kò burú. Jiwheyẹwhe ń wò wá.” O mọ̀ pé bó ṣe máa ń pe Ọlọ́run nìyẹn bí ọ̀rọ̀ bá ti dùn ún ju kí ó fi Yorùbá sọ ọ́. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé títí ìgbìmọ̀ ìwádìí yóò fi jókòó ní ọjọ́ Ajé, ọ̀la ode òní. Wọ́n ti ní lílé ni wọ́n máa lé e.

Mo ń bínú sí Ọ̀gá. Mo ń bínú sí àwọn tó ń gbẹ́ òkúta. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fò, mo ti kọ ojú ewé mẹ́ta yí i ká bí ẹni ń yẹra fún ihò lójú ọ̀nà. Àbámọ̀ yìí ju ti olè lọ, nítorí olè tí mo jà, ó kéré tán, Hùmúàní rí i jẹ.

Ní Jímọ̀ tí mo ṣí àpótí keje, mo rí ikán. Mo rí ipa amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ìsàlẹ̀ àpótí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè ni, kò tíì dé ara ìwé. Mo mọ ohun tí mo rí, èmi tí wọ́n bí sínú ilé alámọ̀ ní Aradagun. Ẹ̀tù ikán ife kan ni ì bá tán an. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ, wọ́n á bi mí pé, báwo lo ṣe rí inú àpótí tí èdìdì wà lára rẹ̀? Mo dákẹ́. Mo ń retí pé ẹlòmíràn máa rí i. Ẹlòmíràn wo? Èmi nìkan ni mo ń wọlé. Láti ọjọ́ náà, ó lé ní àádọ́ta Jímọ̀ tí mo dúró níwájú àwọn àpótí wọ̀nyẹn, títí tó fi di pé mò ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń jẹ ẹ́, kẹrẹkẹrẹ, kẹrẹkẹrẹ, mo sì ń kọ ọ́ pé pípé. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Èmi nìyẹn o. Abímbọ́lá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, èmi náà ni mo jẹ ìwé wọn.

Mo ti rò ó títí, bóyá kí n dákẹ́. Ó ku ọdún mẹ́rin kí n fẹ̀yìn tì. Démọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ni. Bàbá Démọ́lá kò ní gbé ojú sókè láàárín àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì. O sì mọ̀ mí, èmi tí ohùn mi máa ń há bí mo bá fẹ́ ka ìkéde lásán, báwo ni màá ṣe sọ irú èyí níwájú ọ̀mọ̀wé márùn-ún? Mo tilẹ̀ ti ń wí fún ara mi pé wọ́n lè dárí ji Dosi fúnra wọn. Irọ́ ni. Wọn ò ní dárí jì í, nítorí ó dá wọn lóhùn.

Ohun tó wá yí mi lọ́kàn padà ni ti ìsìn òní. Mo jókòó níwájú bí mo ti máa ń ṣe. Mo wo tábìlì oúnjẹ mímọ́, aṣọ orí rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó rún, àbàwọ́n wáìnì wà létí rẹ̀. Ẹlòmíràn ló fọ̀ ọ́. Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ Dosi láìsọ fún mi, wọ́n ní olè kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aṣọ Olúwa. Dosi fúnra rẹ̀ jókòó sí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn pátápátá, òun nìkan. Nígbà tí wọ́n ní kí a wá gba oúnjẹ, kò dìde. Èmi dìde, Sewanu! Mo rìn dé iwájú, mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́. Bí mo ṣe padà jókòó, tí mo ṣí ìwé orin láti kọ orin tó kàn, káàdì náà jábọ́ sórí itan mi. Ọdún kan ó lé tó ti wà níbẹ̀, òní ló yàn láti jábọ́. Mo mú un, mo jáde, mi ò dúró gba ìbùkún.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ọ. Má ṣe gbé ìwé náà wá fún mi, má sì ṣe jù ú sínú ọ̀sà nítorí ìbínú. Bí wọ́n bá rán ènìyàn wá gbà á, kò gbọdọ̀ bá ọ lójijì. Lónìí, bí o bá ti ka lẹ́tà yìí tán, wá ìwé àjákọ, kí o da ojú ewé ẹ̀jẹ̀ yíya yẹn kọ, gbogbo rẹ̀, àti àwòrán ibi tí wọ́n ń gbé ọwọ́ sí. Kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà tí ìyá ọkọ ẹnikẹ́ni kò ní lè dorí rẹ̀ kodò. Wọ́n lè gba ìwé wọn. Wọn ò lè gba ìyẹn. Bí o bá sì ń bínú sí mi pé mo sọ ọ́ di ẹni tó gba ẹrù olè láìjẹ́ kí o mọ̀, o jàre. Bínú, ṣùgbọ́n kọ lẹ́tà kí n lè mọ bí ìbínú náà ṣe tó.

Bá mi kí Bàbá, kí o bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí Hùmúàní àti ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n má sọ ohunkóhun fún un, kó má baà rò pé ohun olè ló gba ẹ̀mí òun là. Nùrúdíìnì tó ń gbé lẹ́tà yìí bọ̀ ń pè mí ní ìta báyìí, ó ní omi ò ní dúró de akọ̀wé. Fún un ní omi mu.

Lọ́la, bí ilẹ̀ bá mọ́, ilé Dosi ni màá kọ́kọ́ lọ. Màá sọ fún un kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni, bó bá sì fẹ́ gbá mi létí, màá gbé etí kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó jọ lọ síwájú ìgbìmọ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Bí ohùn mi bá há, kó há. Màá gbé ìwé àyẹ̀wò ọjọ́ Jímọ̀ kalẹ̀, màá sì fi bírò fa ìlà sórí “pípé” kọ̀ọ̀kan tí mo kọ láti oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá. Màá yọ káàdì ìwé ìgbẹ̀bí jáde lójú gbogbo wọn, màá kọ ọjọ́ tó jáde sí i, màá kọ orúkọ ẹni tó gbé e, orúkọ mi ní kíkún, màá sì gbé e sórí tábìlì níbi tó yẹ kó ti wà láti ọjọ́ náà.

Èmi ni, tí a jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà láti ìgbà èwe,

Ìbílọlá
(Ìyá Démọ́lá)